Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Kan, Àádọ́ta Jẹjẹrẹ

N ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹni tó bá ń ta àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo fún ará Ajah bí asà tó ń dènà jẹjẹrẹ, àlejò burúkú tí kì í kan ilẹ̀kùn, ìbẹ̀rù àti ìfọ̀kànbalẹ̀ èké nìkan ló wà lórí àtẹ rẹ̀.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ní gbọ̀ngàn tí kò jìnnà sí oríta Ajah, ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága, tó là á mọ́lẹ̀ pé ìgò ẹ̀jẹ̀ kan tó láti rí jẹjẹrẹ tó lé ní àádọ́ta oríṣi, pé kí ọmọ ogún ọdún àti arúgbó ṣe é bákan náà, àti pé obìnrin tó bá ti ṣe é kò tún níṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ọyàn wò.

Àwa tí a ń wọ dánfó láti Ajah dé Ọbáléndé mọ ohùn yẹn. Ohùn alágbo ni, ẹni tí ìgò rẹ̀ kan ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn ríro, àti ọkọ tí kì í tètè wálé. Àfi pé alágbo a máa gbà kí a ná ọjà òun. Irú àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ náà ló ta ẹ̀gbà mágínẹ́ẹ̀tì fún mi nígbà kan, pé yóò lé làkúrègbé lọ: ẹ̀gbà ti dípẹtà, orúnkún mi ṣì ń ké.

Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí Galleri, ọ̀kan nínú irú àyẹ̀wò yìí, ní Amẹ́ríkà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2023, ènìyàn 6,621 tó ti tó ẹni 50 ọdún sókè ni wọ́n yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ké ìbòsí lórí 92. 35 péré ló ní jẹjẹrẹ, 57 kò ní nǹkan kan. Láàrin ọdún kan, 121 ni jẹjẹrẹ hàn lára wọn lápapọ̀. Àwọn yòókù ńkọ́, tí asà kò rí? Àgbàlagbà sì nìwọ̀nyí o. Ẹ bi apẹja Badore: níbi tí ẹja bá ti ṣọ̀wọ́n, igi àti ewé ni àwọ̀n ń kó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbòsí yóò ṣe máa ṣèké lára ọmọ ogún ọdún tí ewu rẹ̀ kéré. Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ta ni yóò gbé ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà láti Ajah dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, tí yóò sanwó ẹ̀rọ tó ń ya inú ara?

Ìbẹ̀rù lọjà rẹ̀, mo tún un sọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ kì í pariwo: fínígà tí nọ́ọ̀sì ń fi kan ẹnu ilé-ọmọ, tí ibi tó fẹ́ bàjẹ́ fi ń funfun, kò wọ kóòtù; abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹwàá 2023, kò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà léèrè ẹni tí yóò sanwó ohun tó kù lẹ́yìn ìbòsí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ gba káàdì mi." Nọ́ńbà àkáǹtì ló wà lẹ́yìn káàdì náà.