Akọ̀wé Ìròyìn Tí Ó Sá Lọ



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Mọ́kọ́lá, mo sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ ilé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ọjà wọ́n, owó oṣù kò sì tó jẹun. Ọ̀gbẹ́ni Nnamdi Azikiwe, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn West African Pilot ní Èkó, gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, Ìjọba ti ìwé ìròyìn náà pa pẹ̀lú Daily Comet tí í ṣe tirẹ̀ bákan náà. Kò pẹ́ tí ó fi kéde pé a ti gbìmọ̀ láti pa òun, ó sì sá lọ fi ara pamọ́ sí Onitsha. Ìjọba ní irọ́ ni. Àwọn akọ̀wé ìròyìn Daily Service fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní òkìkí ni ó ń wá. Ẹni tí ń kọ ìròyìn ẹlòmíràn wá di ìròyìn fúnra rẹ̀! A kò sì rí apànìyàn kankan.

Nígbà náà ni àbíkẹ́yìn wọn bi mí pé, “Bàbá, ẹni tí kò sá ńkọ́?”

Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo wá sọ ti Dele Giwa, olóòtú Newswatch. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986, a mú ẹrù kékeré kan tí a dì wá fún un nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ni. Ọmọ ọdún 39 ni nígbà tí ó kú, títí di òní a kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Azikiwe tí a fi rẹ́rìn-ín di Ààrẹ ní 1963, ó sì pé ẹni ọdún 91 kí ó tó kú ní 1996.

Ẹ̀rín dá. Èmi kò sọ pé òtítọ́ ni ìmọ̀ ọdún 1945. A kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé, àgbà tí ó rí ejò tí kò sá, ara ikú ni ó ń yá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹnìkan bá sáré wọ ilé yín tí ó ní a ń lé òun, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí kò bá sí ẹni tí ń lé e, ẹ ó ní àyè láti rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà.

Ó dìgbà kan ná.