Ohun tójú Keshi rí lẹ́yìn tí Kate, ìyàwó ẹ̀, kú

Tẹ́ẹ bá dé Bàrígà tàbí Ṣómólú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó tó di pé àwọn èèyàn jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tán, ẹ ó ti rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi òkúta méjì méjì ṣe ojú ilé, tí wọ́n dí àdúgbò pa, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ẹ bi àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pé ta ni Stephen Keshi, wọ́n á ní kóòṣì Super Eagles nígbà kan ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn bàbá wọn lẹ bi, pàápàá àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọn ò ní í kọ́kọ́ dárúkọ Super Eagles. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Ọmọ Finbarr's ni." Wọn ò sì parọ́, nítorí láti Bàrígà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé St. Finbarr's College tó wà l'Akọka, ibẹ̀ sì ni ìràwọ̀ ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ yọ.

Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló dá iléèwé ọ̀hún sílẹ̀ lọ́dún 1956. Fadá yìí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù débi pé òun fúnra ẹ̀ máa ń fọn fèrè gẹ́gẹ́ bíi rẹfirí, kò sì gbà fún ẹni tó bá sọ pé ìwé àti bọ́ọ̀lù ò lè jọ gbé nínú ilé kan. CMS Grammar School wà ní Bàrígà nítòsí wọn, Igbóbì College náà ò sì jìnnà, nítorí náà, tí wọ́n bá ti ń gbá ìdíje Principals' Cup ti àwọn iléèwé Èkó, kò sí ọmọ àdúgbò tí kò ní ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Inú Finbarr's yìí ni Keshi ti jáde, ibẹ̀ náà sì ni Henry Nwosu, tó wà lára àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà lọ́dún 1980, ti jáde.

Ọmọ Illah, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni Keshi, àmọ́ Azare, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi báyìí, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 23, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1962. Ọdún 1979 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù báńkì ACB l'Ékòó. Nígbà tó di 1980, ó kọjá sí Benin, ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ New Nigeria Bank, àwọn yẹn sì gba ife ẹ̀yẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1983 àti 1984.

Wàhálà ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1985. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà fòfin de òun àtàwọn kan pé wọn ò yọjú sí ibùdó ìgbaradì ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé, kó máa wá ẹni tó máa bá a bẹ àwọn ọ̀gá. Keshi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló di ẹrù ẹ̀, ó gba Abidjan lọ. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Lokeren, ní ilẹ̀ Belgium, lẹ́yìn náà ló lọ sí Anderlecht, tí wọ́n gba ife líìgì ilẹ̀ náà lọ́dún 1991, kó tó wá lọ sí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀nà tó là yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gbà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn bọ́ọ̀lù wa máa ń sọ pé tí kì í bá ṣe ti Keshi, ilẹ̀kùn Yúróòpù ì bá pẹ́ kó tó ṣí fáwọn ọmọ wa.

Big Boss ni wọ́n wá ń pè é, ìyẹn Ọ̀gá Ńlá. Orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára, nítorí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa òun lórí. Nígbà tí Super Eagles gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994, kò gbá nínú àṣekágbá, síbẹ̀ òun tí í ṣe balógun wọn náà ló gbé ife sókè. Nígbà tó di kóòṣì, ó gbé Togo lọ sí Ife Àgbáyé 2006, níbi tí wọn ò dé rí, tí wọn ò sì tíì padà dé títí di òní. Kí ìdíje ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n gbé e fún òyìnbó Jámánì kan. Ẹlòmíràn ló jẹ oúnjẹ tó sè.

Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa Ọ̀gá Ńlá yìí ni pé, nínú gbogbo ìrìn tó rìn, obìnrin kan ṣoṣo ló ń darí sí nílé. Kate lorúkọ ẹ̀. Nínú ayé àwọn agbábọ́ọ̀lù tówó wà lọ́wọ́ wọn, níbi tí obìnrin ti ń wọlé tí obìnrin ń jáde, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ẹbí Keshi sọ pé ọdún márùndínlógójì (35) ni tọkọtìyàwó náà fi wà papọ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí Keshi ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Yúróòpù, ni Kate ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe owó Anderlecht ló fẹ́, kì í sì í ṣe ife ẹ̀yẹ ló rí kó tó bá a lọ. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, ìpínlẹ̀ California, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì fi ṣe ilé nígbà tí Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù tán. Iṣẹ́ kóòṣì ló máa ń gbé bàbá náà wá sí Áfíríkà, lónìí Togo, lọ́la Mali, lọ́túnla Nàìjíríà. Kate ló ń di ilé mú.

Ẹ wá wo ọdún 2013. Lọ́jọ́ 10, oṣù Kejì, ní Johannesburg, Super Eagles na Burkina Faso pẹ̀lú àmì ayò kan sí òdo, Sunday Mba tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí ló jẹ ẹ́. Keshi di ẹni kejì, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ọmọ Íjíbítì, tó máa gba ife ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tó tún máa gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. L'Ékòó, àwọn èèyàn jó wọ àárín títì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì ṣú tí Ọ̀gá Ńlá fi sọ lórí rédíò South Africa pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù ti fẹ́ lé òun kí ìdíje tó parí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Ìjọba fi oyè CON dá a lọ́lá lọ́dún yẹn, àmọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni wọn ò fi san owó oṣù ẹ̀. Lọ́dún 2014, ó kó ikọ̀ ẹ̀ dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún nínú Ife Àgbáyé ní Brazil, kò sì sí kóòṣì ọmọ Áfíríkà tó ṣe irú ẹ̀ ṣáájú ẹ̀.

Gbogbo àsìkò tí ariwo yìí ń lọ, àìsàn jẹjẹrẹ ti wọlé sára Kate. Bí ọdún mẹ́ta ni obìnrin náà fi bá a fà á. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó ná: ọkùnrin ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń bú u lórí ẹni tó yẹ kó fi síwájú àtẹni tó yẹ kó fi sẹ́yìn, òun sì mọ ohun tó wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ní California. Kò kó o síta. Àwọn tó ń bú u ò mọ̀, àwọn tó ń yìn ín náà ò mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní oṣù Keje, ọdún 2015, wọ́n gbaṣẹ́ Super Eagles lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún yẹn kan náà, Kate kú. Keshi padà wá sí Nàìjíríà, ó wà ní Benin. Ẹbí ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí ìyàwó náà ti kú ni ọkùnrin yìí ti ń ṣọ̀fọ̀, kò jáde nínú ẹ̀. Ọjọ́rú, ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 2016, ló yẹ kó wọ bàálù padà sí Amẹ́ríkà. Kò wọ̀ ọ́. Òru mọ́jú ọjọ́ yẹn ni ọkàn ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta (54) péré ni. Ọjọ́rú ni Kate kú, Ọjọ́rú náà ni Keshi kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) gééré ló sì wà láàárín wọn. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹbí fi síta, wọ́n ní ó ti lọ bá ìyàwó ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Shaibu Amodu, tóun náà ti ṣe kóòṣì Super Eagles rí, tún kú ní Benin kan náà.

Bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa, ẹnu ò dákẹ́. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ló tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn ní wọ́n ta nǹkan sí i lẹ́sẹ̀ ni. Kò sí èyí tí wọ́n rí ẹ̀rí fi gbè é lẹ́sẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀. Ohun tó hàn sí gbogbo èèyàn ni pé láàárín ọdún kan tí kò pé, ọkùnrin kan pàdánù iṣẹ́ ẹ̀, ó pàdánù ìyàwó àárọ̀ ọjọ́ ẹ̀, òun náà sì lọ. A ò lè sọ pé ìbànújẹ́ ló pa á, nítorí èèyàn kì í ṣe dókítà ọkàn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé ìbànújẹ́ ò sí níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kan gbogbo ilé nìyí. Nílẹ̀ Yorùbá, tí ọkọ bá kú, gbogbo ayé ló mọ opó. Wọ́n á ká a mọ́lé, àwọn obìnrin á yí i ká, wọ́n á bá a sunkún, wọ́n á bá a sùn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyàwó ló kú ńkọ́? Wọ́n á ní kí bàbá ṣe ọkàn ọkùnrin. Bí òkú ò bá tíì pẹ́ nílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á ti máa dárúkọ obìnrin mìíràn fún un, bíi pé iná mànàmáná ló jó tán tí wọ́n fẹ́ lọ ra gílóòbù tuntun. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbìyànjú. Bó bá ń mu ọtí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á ní ó ń gbafẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sì ń pè ní Ọ̀gá Ńlá, òun gan-an lojú máa ń tì jù láti sọ pé òun ò rí oorun sùn.

Stadiọ́mù kan wà l'Asaba tí wọ́n fi orúkọ Keshi sọ, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ọkùnrin tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí nínú ilé ẹlẹ́ni púpọ̀ ní Ṣómólú kò ní stadiọ́mù, àwọn aládùúgbò ẹ̀ nìkan ló ní. Ẹ má rò pé owó tẹ́ẹ dá fún un níbi ìsìnkú ti tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká kánópì nílẹ̀, tí àwọn alásè ti kó ìkòkò wọn lọ, tí àwọn ọmọ ti padà síbi iṣẹ́ wọn, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ẹ lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ ní kẹ́ẹ jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Tó bá sì ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun, ẹ má tètè dìde, ẹ jókòó tì í díẹ̀ sí i.