Ẹkún Ẹni Tí A Kò Bá Jẹun Rí

 

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin akọrin tí wọ́n ń pè ní Mohbad kú ní ẹni ọdún 27, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tan àbẹ́là káàkiri àdúgbò ní alẹ́ àná. Mo bi í léèrè bóyá ó bá olóògbé náà pàdé rí. Ó ní rárá. Mo wá sọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ń sọ ní ọ̀sẹ̀ náà, mo ní, "Ta ni o wá ń sunkún fún?" Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi rántí pé mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, àti pé inú bí mi lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1987 ni. Rédíò ni a ti gbọ́ pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti dágbére fáyé. Bàbá mi, tí n kò rí omi lójú wọn rí, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bojú, èjìká wọn sì ń gbọ̀n. Aládùúgbò wa kan tí ó wá yá àkàsọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ bá wọn jẹun rí ni?"

Bàbá mi kò fèsì. Ìyá wọn ni ó fèsì. Ọlọ́ṣun ni ìyá àgbà, wọn kò mọ ìwé kà, ẹsẹ̀ wọn kò sì tẹ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Wọ́n bu omi tútù sínú igbá, wọ́n rọra ta á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹni tó rán ọmọ mi níléèwé ni. Kí ni mo tún fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀?"

Mo ti gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà níléèwé kò tó 460,000. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n lé ní 811,000. Bàbá mi wà lára àwọn tí ó mú kí iye náà ga. Ẹ̀gúsí ni ìyá àgbà ń tà, owó iléèwé ọmọ kan ṣoṣo ni apá wọn lè ká, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ì bá sì jẹ́ ẹni náà. Nítorí náà, ọkùnrin tí bàbá mi ń sunkún fún wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí, ó wà nínú iṣẹ́ akọ̀wé tí wọ́n fi tọ́ wa, ó sì wà nínú bí wọ́n ṣe máa ń jókòó tì wá ní alẹ́ títí a ó fi ṣe iṣẹ́ iléèwé wa tán. Wọn kò bá a jẹun rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú oúnjẹ tí a ń jẹ.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gbà pé àṣà òyìnbó ni irú ẹkún báyìí, pé tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ó kó o wọlé. Wọn a máa tọ́ka sí òkìtì òdòdó tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kó síwájú ààfin nígbà tí Diana, ìyàwó àtijọ́ ọmọ ọba wọn, kú ní ọdún 1997. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo adé àwọn ọba wa. Kí ni ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀ ń ṣe, bí kò ṣe láti bo ojú ẹni tí ó dé e? Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ó dàgbà, tí ó darúgbó, tí kò sì rí ojú ọba rẹ̀ kedere rí. Síbẹ̀, bí ọba bá wàjà, ọjà a tú, ìlú a pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ń bi ìyá elélùbọ́ bóyá òun àti ọba jọ jẹun rí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé òpó kan ti wó, àti pé ẹ̀yìn gbogbo ilé ni ó fara tì í.

Ẹ tún rò ó wò. Èwo nínú wa ni kò tíì rí àgbàlagbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ níwájú eégún ilé? Ẹni tí wọ́n ń kì ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwà òmùgọ̀ láti fẹ́ràn ẹni tí ojú kò rí, ìdajì ohun tí àwa ń ṣe lójúbọ kò ní àwíjàre. (Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi.)

Ṣùgbọ́n apá kan ọjọ́ náà wà tí n kò tíì sọ. Obìnrin Ìgbò kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú àgbàlá wa, a fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn wa. Lọ́jọ́ náà, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì wí pé ẹ kú ọ̀fọ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn ogun, iyekíye tí ará Biafra kó sí báǹkì, 20 pọ́n-ùn péré ni wọ́n san fún un, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé owó náà, wọn kò sì gbàgbé ebi tí ó ṣáájú rẹ̀. Àbúrò bàbá mi fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin náà láti bi í pé irú ìwà wo nìyẹn. Ìyá àgbà dá a dúró. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Òun náà ní òkú tí àwa kò bá a sunkún fún."

Ibi tí ọ̀ràn náà ti le gan-an nìyí, n kò sì rò pé ó yẹ kí a fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni gbogbo ayé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ohun tí ó fi lé mi lọ́wọ́ lè jẹ́ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹkún bàbá mi kò purọ́, ilẹ̀kùn tí obìnrin náà tì kò sì purọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni ọdún 25 ni. Ohùn akọrin náà ni ó ń gbọ́ nínú ọkọ̀ ní ìdájí bí ó ti ń lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni ó sì ń gbọ́ bí ó ti ń bọ̀ lálẹ́. Ohùn yẹn wọ inú etí rẹ̀ ju tèmi lọ, kí n má tan ara mi. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Ó sunkún akọrin, ó sì fi ẹkún kan náà sun ara rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí ni pé kò rí ibi gbé ẹkún náà sí. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò péjọ láti ṣípà fún un. Nínú wọn, a rí ẹni tí kò bá a dẹ igbó rí, tí ó jẹ́ pé Ògún nìkan ni ó so wọ́n pọ̀. Wọn a sun ìrèmọ̀jé, wọn a sọ ohun tí ó ṣe dáadáa àti ohun tí ó ṣe tí kò dára, ẹrù ìpà a gba inú igbó lọ, àwọn alààyè a sì padà sílé. Lórí fóònù, kò sí ẹni tí ó ń sọ pé ó tó báyìí. Ẹkún kì í pẹ́ di ẹ̀sùn, ẹ̀sùn a di èpè, àwọn tí ó jọ ń ṣọ̀fọ̀ a sì di ọ̀tá ara wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi lòdì sí àwọn tí ó ní kí a má ṣe dárúkọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìṣẹ̀ṣe nígbà tí a bá ń ta omi fún àwọn òkú wa. Ẹlẹ́sìn Krístì ni Awólọ́wọ̀ títí ó fi kú. Ìyá àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bu omi sínú igbá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ dárúkọ ẹni tí ó ń dùn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a dá ọjọ́ fún un, kí a ta omi, kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a sì dìde.

Mo bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó má bínú. Mo sọ ìtàn igbá omi náà fún un, kò sì gbọ́ ọ rí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ eléyìí, sà." N kò mọ ìdajì ohun tí akọrin náà ń sọ. Mo jókòó tì í títí orin náà fi parí, ó sì fi òmíràn sí i.