Ẹran Láàárín Búrẹ́dì: Kí Orúkọ Bá Oúnjẹ Mu

Oúnjẹ kan wà tí àwọn Júù sọ di olókìkí ní Amẹ́ríkà. Ẹran màlúù oníyọ̀ ni, tí a gé pẹlẹbẹ, tí a tò sáàárín ègé búrẹ́dì méjì. Ọkà tí àwọn Faransé ń pè ní seigle ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì náà. Wọn a fi moutarde aláwọ̀ ìyeyè sí i. (Kì í ṣe irú ọbẹ̀, tí àwa náà ń pè ní moutarde bí a bá ń sọ Faransé.)

Ní New York, pastrami ni wọ́n ń pè é. Àwọn Júù tó ti ilẹ̀ Rùmáníà wá ní apá ìparí ọ̀rúndún 19 ló mú un dé. Nílé, wọn a máa fi ẹran ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣe é; ní Amẹ́ríkà, ẹran màlúù ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti rà. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, wọn a fi ata dúdú pa á lára, wọn a yan án lórí èéfín, wọn a sì fi ooru omi sè é títí yóò fi rọ̀.

Ní Montréal, viande fumée ni. Reuben Schwartz, Júù láti Rùmáníà, ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀ ní 1928. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kì í lo èéfín rárá: sísè ni wọ́n ń sè é, wọn a sì fi sínú búrẹ́dì roboto tó ní ihò láàárín.

Àwọn ará ìlú wọ̀nyí ń jiyàn lórí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ní tèmi, asán ni. Ẹni tó ṣí kúrò nílé kò lè ru ọjà ìlú rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ti Reuben yàtọ̀. Omaha àti New York ń du ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹran oníyọ̀ ni, pẹ̀lú kábéèjì kíkan àti wàrà líle, ìbátan èyí tí àwọn Fúlàní ń tà fún wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin àwọn Júù kò gbà kí a da ẹran àti wàrà pọ̀! Síbẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ kan ń tà á lábẹ́ orúkọ oúnjẹ Júù.

Àwọn kan yóò ní ọ̀pọ̀ Júù fúnra wọn ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni. Ilé oúnjẹ Katz's, tó ti wà ní New York láti 1888, ń tà á, kò sì pera rẹ̀ ní olùpa òfin náà mọ́. Ẹnu ẹni ni ti ẹni. Ọ̀rọ̀ pátákó ni mo ń sọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀ «halal» lára agolo kí ẹ tó rà á, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ẹni tó ń pa òfin rẹ̀ mọ́, tó ka «oúnjẹ Júù» lára ògiri, lè gbà pé òun lè jẹ ẹ́. Kí àwọn olóúnjẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré kún un: wàrà wà nínú rẹ̀.