Àṣírù, yẹ́lò káàdì àti àga tó ṣófo

Tẹ́ ẹ bá gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá sí Ìkòtún, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi rí pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ń bá èèyàn ṣe físà. Ẹ dé Ìgándò, òmíràn tún wà níbẹ̀. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù l'Ékòó, kò sì sí àdúgbò kan níbẹ̀ tí wọn ò ti mọ ẹni tó ń múra àtijápa. Ohun méjì la máa ń bi ara wa: èló ni wọ́n ń gbà, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó? Ìbéèrè kẹta wà tá a kì í béèrè: tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́hùn-ún, ta ni màá ké sí?

Ìbéèrè yẹn ló mú mi rántí Olúgbénga Àṣírù.

Mo ṣì wà ní yunifásítì, mò ń ka ìwé òfin, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2012. Ní pápákọ̀ òfuurufú O.R. Tambo ní Johannesburg, àwọn òṣìṣẹ́ South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà sílé. Wọ́n ní yẹ́lò káàdì wọn, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kò dáa. Ká má purọ́, ayédèrú yẹ́lò káàdì wà nílẹ̀ yìí, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ ìjọba Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ káàdì kọ́ lèyí, pé ìwọ̀sí ni.

Àṣírù ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò tán sórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ South Africa tó ń balẹ̀ síbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí wọ́n ti wá padà. Wọ́n ní ìwé wọn ò pé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 8 oṣù kẹta yẹn, ìjọba South Africa ti tọrọ àforíjì ní gbangba.

Ní ọ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ńṣe ló dà bíi pé Super Eagles ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo. Ìgbà tí mo wá ka òfin àgbáyé dáadáa ni mo tó mọ̀ pé a ò mọ ohun tá a ń pàtẹ́wọ́ fún. A rò pé ìbínú ló ṣiṣẹ́ yẹn. Rárá o, ìmọ̀ iṣẹ́ ni.

Ẹ wo ibi tí ọkùnrin náà ti wá. Àṣírù kì í ṣe olóṣèlú tí wọ́n fi ipò san oore ìbò fún. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni, ibẹ̀ ló ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ṣe aṣojú Nàìjíríà ní North Korea rí, ó sì ti ṣe Haikọmíṣọ́nà wa ní South Africa fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi í ṣe mínísítà ní oṣù keje ọdún 2011, kò sẹ́ni tó ní láti júwe Pretoria fún un.

Ẹni tó ti gbé lọ́dọ̀ èèyàn mọ ibi tó ti ń dùn ún. Kò lè ṣàìmọ̀ pé MTN wà níbí, DStv wà níbí, Shoprite wà níbí, àti pé owó tí wọ́n ń pa lọ́wọ́ wa kì í ṣe kékeré. Ó sì mọ ibi tó yẹ kéèyàn dáwọ́ dúró. Nàìjíríà ò ti ẹ́ḿbásì wọn pa, kò lé ilé iṣẹ́ wọn kankan lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà ni wọ́n gbé wá, ìwé ìrìnnà náà la fi dá wọn lóhùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí àyè tọrọ àforíjì láìsí pé ìjà di ńlá.

Mi ò sọ pé òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì nìkan ló lè ṣe mínísítà yìí dáadáa o. Olùkọ́ yunifásítì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, síbẹ̀ ìgbà tiẹ̀, lọ́dún 1987, la dá Technical Aid Corps sílẹ̀, tí àwọn dókítà àtàwọn olùkọ́ wa ń tipasẹ̀ ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ láwọn orílẹ̀-èdè míì. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ yìí ní ìmọ̀ nínú.

Àmọ́ ẹ wo bá a ṣe lo Àṣírù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, Jonathan yọ ọ́ pẹ̀lú àwọn mínísítà mẹ́jọ mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lásìkò tí ìjà ń lọ nínú ẹgbẹ́ PDP. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó jáde láyé ní South Africa, ilẹ̀ tó ti ṣojú wa rí, tó sì tún bá fa ọ̀rọ̀ nítorí wa. Ẹni ọdún 66 ni.

Nígbà tí wọ́n tún kọ lu àwọn èèyàn wa ní Johannesburg lọ́dún 2019, Air Peace, tí kì í ṣe tìjọba, ló lọ kó àwọn tó fẹ́ wálé lọ́fẹ̀ẹ́. Àforíjì ọdún 2012 kò di ètò tó dúró. Ọkùnrin kan ló mọ ọ̀nà. Nígbà tó lọ, ó mú ọ̀nà lọ.

Ó wá kan àsìkò tiwa yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní kí àwọn aṣojú wa nílẹ̀ òkèèrè máa bọ̀ nílé, àtòṣìṣẹ́ àtolóṣèlú. Àwọn tó wà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n dá sí. Ẹ̀tọ́ ààrẹ ni. Àmọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni orúkọ àwọn tó máa rọ́pò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ó lé lọ́dún méjì tí àga fi ṣófo.

Ẹ lè ní, ṣebí adelé wà ní ẹ́ḿbásì? Ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ó lè bá ẹ ṣe páspọ́ọ̀tù, ó lè lọ wo ọmọ wa tó wà látìmọ́lé. Àmọ́ Àdéhùn Vienna ọdún 1961, tí ayé ń tẹ̀ lé lórí iṣẹ́ aṣojú, ti to ipò wọn: olórí orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń rán aṣojú àgbà sí, adelé ò dé ipò yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún dá èèyàn 125 padà, ẹni tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún kíákíá la nílò, kì í ṣe ẹni tó máa kọ lẹ́tà kó wá jókòó dúró.

Èyí ló mú mi padà sídìí ìwé òfin. Abala 171 ìwé òfin ọdún 1999 ló fún ààrẹ lágbára láti yan aṣojú, kí Ilé Aṣòfin Àgbà sì fọwọ́ sí i. Kò sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ gbà. Mínísítà ńkọ́? Ẹ rántí pé ó lé ní oṣù márùn-ún kí Muhammadu Buhari tó ní mínísítà lọ́dún 2015. Lẹ́yìn náà la tún ìwé òfin ṣe lọ́dún 2023: láàárín 60 ọjọ́ tí ààrẹ bá ti búra, ó gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ àwọn mínísítà ránṣẹ́. Tá a bá lè fi ọjọ́ dè é fún mínísítà, kí ló dé tá ò lè fi dè é fún aṣojú?

Alímọ̀ṣọ́ ní ẹni tó ń ṣojú wa nílé Aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, Ìwọ̀-Oòrùn Èkó náà sì ní sẹ́nétọ̀. Àwọn ló lè gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ dìde. Ìgbà tí wọ́n bá tún gbé mọ́tò àti gbohùngbohùn dé Ìkòtún láti wá tọrọ ìbò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọ́n á sọ̀rọ̀ iná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé: ìlú tí ọmọ wa fẹ́ lọ yẹn, ta ló jókòó sórí àga wa níbẹ̀?