Ìwọ̀n, Ìwúwo àti Ọmọ Yorùbá ní Bouaké

Yáàdì ni wọ́n fi ń ta àǹkàrá ní Bouaké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà mítà ni ìjọba Côte d'Ivoire ń tẹ̀ lé. Yáàdì méjì ni pagne kan. Mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn yáàdì mẹ́fà, ni odindi aṣọ obìnrin. Ọmọ Ànàgó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, yóò ti mọ yáàdì kí olùkọ́ tó fi èdè Faransé sọ mítà fún un. Yáàdì mẹ́fà kò sì tó mítà mẹ́fà: 5.49 péré ni. Ìyá tí ó bá fi owó yáàdì mẹ́fà gé mítà mẹ́fà fún oníbàárà ti fi ohun tí ó ju ìdajì mítà lọ ta á lọ́rẹ.

Àṣìṣe kan náà ni àwọn olùkọ́ kan ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pe mítà ní ọ̀pá, tí wọ́n sì pe kìlómítà ní ibùsọ̀. Ọ̀pá ti jẹ́ yáàdì, ibùsọ̀ sì ti jẹ́ máìlì, èyí tí ó tó kìlómítà 1.6. Kí ó tó di máìlì pàápàá, ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Ti alágbára yóò sì jìn ju ti aláàárẹ̀ lọ. Físíìsì kò gba irú èyí. Láti 1983, mítà ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú òfuurufú tí kò ní ohunkóhun nínú láàárín ìdá kan nínú 299,792,458 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí mítà, kìlógíráàmù, ámpíà àti àwọn yòókù máa jẹ́ orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ìṣẹ́jú-àáyá nìkan ni kí ó dúró, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó ń wọ̀n.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ó yẹ kí ó ní orúkọ Yorùbá: gígùn, àkókò, ìgbóná. Ibi tí ó ti le ni ohun tí Faransé ń pè ní masse. Ìwúwo ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n ìwúwo ni agbára tí ilẹ̀ ayé fi ń fa nǹkan, nǹkan bí níútìnì 9.8 fún kìlógíráàmù kan. Lórí òṣùpá, ìdá mẹ́fà rẹ̀ ni yóò kù, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wà nínú ẹrù náà kò dín. Ìpọ̀ ni kí wọ́n máa pe èyí. Kò tíì dùn létí. Ìlò ni yóò mú un dùn.

Bouaké sì ni ibi tí ó rọrùn jù láti fi í hàn. Ilẹ̀ àwọn Baule ni, àwọn tí wọ́n máa ń fi òṣùwọ̀n onígbá méjì àti ìwọ̀n idẹ wọn wúrà lẹ́búlẹ́bú láyé àtijọ́. Georges Niangoran-Bouah kọ ìwé ńlá lórí àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí. Òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò bìkítà fún òṣùpá, nítorí bí fífà ti dín ní igbá kan ni yóò dín ní èkejì: ìpọ̀ ni ó ń wọ̀n. Kìlógíráàmù fúnra rẹ̀, láti 1889 títí di ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2019, irin kan ni, tí wọ́n tọ́jú pamọ́ sí Sèvres lẹ́bàá Paris. Olùkọ́ tí kò rí ìwọ̀n idẹ yá lè lo igi kan, okùn, ìdérí igbá méjì àti òkúta.