Alájá Nìkan Ni Kì Í Gbọ́ Ọ

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ọ̀pọ̀ ilé ní Anoumabo ti ṣófo. Àwọn kan ti wọ woro-woro lọ sí Treichville, àwọn kan ti kọjá sí Plateau. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Riviera ti gba orí afárá Henri Konan Bédié, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2014, tó so Marcory mọ́ òdìkejì ọ̀sà. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó kù nílé ni ìyá àgbà, abiyamọ tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, mẹ́gáàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, àti ajá.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo tọkọtaya kan, ọmọ Èjìgbò, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Abidjan. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Plateau, ìyàwó ń ta aṣọ ní Treichville. Wọ́n háyà yàrá méjì nínú ọgbà tí ìdílé márùn-ún ti jọ ń lo géètì kan àti ẹ̀rọ omi kan. Olè jà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n bá ra ajá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá àgbà tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn kan ilẹ̀kùn lálẹ́.

“Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ajá yín yìí ò jẹ́ ká sinmi mọ́.”

“Ajá wa kẹ̀, Màmá? Ajá yìí kì í gbó o. Níbi tó sùn sí la máa ń bá a.”

Ọkọ ò parọ́. Níbi tó sùn sí ni wọ́n ń bá a lóòótọ́, torí ó ti gbó títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì ti dá ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ mọ̀ láti ìta. Nínú gbogbo ọgbà náà, àwọn tó ni ajá nìkan ni kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó gbọ́ ọ rò pé alájá ń parọ́, alájá rò pé wọ́n kórìíra òun.

Àwọn kan á sọ pé, ta ló ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní Anoumabo? Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti jáde wá, ibẹ̀ sì ni A'salfo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin FEMUA ní 2008. Gbogbo ayé ló gbọ́ orúkọ àdúgbò náà ní oṣù kẹrin ọdún 2016, nígbà tí Papa Wemba ọmọ Kóńgò ṣubú lórí ìtàgé àjọ̀dún náà, tó sì kú. Ẹni tó lè fara da ẹ̀rọ gbohùngbohùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣé ajá kan ló máa wá pa á? Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ ọjọ́ tí àjọ̀dún máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Igbe ajá ò ní ọjọ́ tó máa parí. Mẹ́gáàdì tó fẹ́ sùn láago mẹ́sàn-án ò mọ̀ bóyá á dákẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i tàbí kó di ọ̀sán. Bó ṣe ń retí igbe tó kàn ló ń lé oorun lójú rẹ̀, ju igbe náà fúnra rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, èsì tó yẹ kí Màmá gbọ́ ni: “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa, Màmá. Ẹ má bínú. Aago mélòó ló máa ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó máa ń hu, àbí gbígbó lásán ni?” Ìbéèrè yẹn ń wá ìmọ̀ lóòótọ́, torí ìdáhùn Màmá ló máa sọ irú ìṣòro tó wà nílẹ̀.

Bí tọkọtaya náà bá fẹ́ gbọ́ ọ fúnra wọn, kò le. Kí wọ́n tan fóònù àtijọ́ kan sílẹ̀ kó máa gba ohùn, kí wọ́n sì jáde bí ìṣe wọn. Ajá tó bá ń gbó kìkì nígbà tí olómi tàbí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń kọjá, iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún ló ń ṣe. Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu géètì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí ẹ dí ojú ihò tó ń yọjú síta, ó máa dín kù. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìsí ohun tó ń ṣe, ìnira ló ń mú un gbó. Kí ẹnì kan mú un rìn dáadáa ní ìdájí, kó sì fi eegun tó máa pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ajá tí ìbẹ̀rù dídánìkan wà ń dà láàmú. Èyí kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí onílé jáde, nígbà míì kí wọ́n tó dé kọ̀rọ̀ pàápàá. Á hu bí ẹni ń sunkún, á máa fi èékánná ya ilẹ̀kùn, á tọ̀ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ajá tó mọ ibi ìtọ̀ tẹ́lẹ̀. Ajá yìí kì í ṣe alágídí, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹgba ò lè wo ẹ̀rù sàn.

Ọ̀rọ̀ ẹgba yìí sì yẹ ká dúró lé díẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Ọkọ dé láago méje alẹ́, aládùúgbò rojọ́, ọkọ fa bẹ́líìtì yọ. Ajá ká ìrù sábẹ́, ó gbé ojú sílẹ̀. “Ẹ ò rí i, ó mọ ohun tó ṣe!” Rárá o. Ní 2009, Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ìwà ajá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ojú ẹ̀bi yẹn gan-an. Àwọn alájá kìlọ̀ fún ajá wọn pé kó má jẹ oúnjẹ kan, wọ́n sì jáde. Nígbà míì ajá jẹ ẹ́, nígbà míì kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún alájá nígbà tó padà wọlé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́. Ojú ẹ̀bi máa ń yọ nígbà tí alájá bá bá ajá wí, yálà ó jẹ ẹ́ ni o, tàbí kò jẹ ẹ́. Kódà, lára àwọn tí wọ́n bá wí, àwọn tí kò jẹ nǹkan kan gan-an ni ojú ẹ̀bi hàn jù lára wọn. Ìbínú olówó rẹ̀ ni ajá ń wò. Bẹ́líìtì aago méje alẹ́ ò lè tún igbe aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ṣe. Ohun tó máa kọ́ ọ ni pé ọ̀rọ̀ bàbá yìí léwu nígbà tó bá wọlé, ẹ̀rù á sì pọ̀ sí i.

Ohun tó burú jùyẹn lọ ni kí wọ́n fi okùn di ẹnu ajá kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Ajá kì í làágùn bíi tèèyàn. Ẹnu tó là, tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Nínú ooru Abidjan, ajá tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídì fún wákàtí mélòó kan lè kú.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ falẹ̀. Ìyàwó á mú kọ́kọ́rọ́, á gbé báàgì, á sì padà jókòó. Á ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìró kọ́kọ́rọ́ ò fi ní já ajá láyà mọ́. Lẹ́yìn náà á jáde, á ka ení dé ogún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á wọlé láìkí ajá bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ké, a ti yára jù, kí wọ́n padà sẹ́yìn. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí kò bá sì sí ìyàtọ̀, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà ẹranko.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò ní dúró de ajá. Ta ló máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn? Màmá wà nílé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ àti ẹní ìkírun òun, àbùkù ni láti gbé ọ̀rọ̀ náà kò ó lójú. Télọ̀ tó wà níwájú géètì ńkọ́? Ajá tó ń bẹ̀rù dídánìkan wà kì í sábà yan ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ti rí èèyàn nítòsí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Owó díẹ̀, abọ́ omi kan àti ibòòji lábẹ́ tábìlì télọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ti lójú.

Kí tọkọtaya náà sì lọ láti yàrá dé yàrá kí wọ́n sọ fún wọn: “Ẹ bá wa fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí à ń ṣe nìyí.” Ìgbà yẹn ni igbe ajá náà á tó ní ọjọ́ tó máa parí, bíi ti àjọ̀dún. Kí wọ́n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ dání. Ẹni tó ń bínú sí ariwo lè jẹ́ pé ẹ̀rù ìgéjẹ ló ń bà á, ẹ̀rù náà ò sì burú: ara ajá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn tó ní dìgbòlugi ti ń kó o, àrùn tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é tó bá ti fara hàn.

Aládùúgbò náà ní ipa tirẹ̀. Kó tètè sọ ọ́ nígbà tí inú ò tíì ru, kó sì sọ ọ́ fún alájá kó tó sọ fún onílé. Òfin wà: ìjọba Côte d'Ivoire gbé òfin ariwo àdúgbò jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lánàá lẹ máa bá nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ọ̀rọ̀ ajá dé kóòtù ní Ọ̀tà, nípìńlẹ̀ Ògùn, kì í sì í ṣe torí pé ajá gbó. Ọkùnrin kan sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, aládùúgbò bínú, ni ọlọ́pàá bá gbé e. Yorùbá tó ti ń fi orúkọ bíi Tanímọ̀la sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò kò ní ṣàìmọ bí irú ìyẹn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ti májèlé eku tí àwọn kan ń jù sínú ọgbà lóru kò tiẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí. Ọmọ tó ń rákò lè kọ́kọ́ débẹ̀ ṣáájú ajá.

Ká padà sọ́dọ̀ tọkọtaya wa. Ọ̀sẹ̀ kejì ti ń parí lọ. Ìyàwó ń pọn omi, Màmá jáde wá pẹ̀lú kẹ́tùrù àlùwàlá lọ́wọ́.

“Lánàá, ó gbó díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àbí ẹ ti tà á ni?”

“Rárá o, Màmá. Ó wà lọ́dọ̀ télọ̀.”